Ibi tí iṣẹ́ ti ń há ni kí owó kọ́kọ́ lọ

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ya fọ́tò àti fídíò ní Kabba àti agbègbè rẹ̀ máa ń bi mí jù lọ ni pé kámẹ́rà wo ni ó yẹ kí àwọn rà tẹ̀lé èyí tí ó wà lọ́wọ́ àwọn. Kí n tó dá wọn lóhùn, èmi náà máa ń béèrè pé: nínú òde tí ẹ lọ kẹ́yìn, wákàtí mélòó ni ẹ fi ya á, wákàtí mélòó ni ẹ sì lò nígbà tí ẹ délé? Ọ̀pọ̀ wọn kò kà á rí. Ẹni tí ó bá kà á yóò rí i pé ìgbéyàwó tí a fi wákàtí mẹ́fà yà lè gbà wá ní ọjọ́ mẹ́ta nídìí kọ̀ǹpútà, àti pé nínú ọjọ́ mẹ́ta náà, dídúró ni a ń dúró ní ọ̀pọ̀ ìgbà: a ń dúró de káàdì kí ó tú ẹrù rẹ̀, a ń dúró de bátìrì kí ó kún, a ń dúró de iná kí ó dé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú ìṣirò wo ti káàdì. Fídíò 4K tí kámẹ́rà ń gbà sílẹ̀ ní megabit 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí í ṣe megabyte 12.5, yóò jẹ 45GB ní wákàtí kan, nítorí náà káàdì 64GB kò lè gba wákàtí kan àbọ̀. Bí ẹ bá wá fi card reader àtijọ́ tí ó ń lo USB 2.0 tú u, tí ó ń gbé nǹkan bíi megabyte 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ óò jókòó fún ìṣẹ́jú 35 kí ẹyọ kan tó parí. Reader USB 3.0 tí ó bá ń gbé 90 yóò ṣe é ní ìṣẹ́jú 12, bí káàdì náà bá lè yára tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì fi reader náà sí ojú USB tí ó tọ́ lára kọ̀ǹpútà. Fún ẹni tí ó ti òde bọ̀ láti Ìyàrá lálẹ́ Sátidé pẹ̀lú káàdì mẹ́ta, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń mu epo ní ẹ̀yìnkùlé, ìyàtọ̀ náà ju wákàtí kan lọ. Mo mọ̀ pé kì í rọrùn láti náwó sórí ohun tí oníbàárà kò ní fojú rí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo rà ní owó táṣẹ́rẹ́ tí ó ràn mí lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe ra káàdì nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra ọ̀kan tí wọ́n kọ 128GB sí lára, mo sì gbé e lọ síbi ìsìnkú ìyá àgbà kan ní Yàgbà. Kámẹ́rà kò fi àmì kankan hàn. Iná pupa ń tàn, iye ìṣẹ́jú tí ó kù sì ń dín kù bí ó ti yẹ. Nígbà tí mo délé, orúkọ àwọn fáìlì ìrọ̀lẹ́ pé pérépéré, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí ó ṣí. Ayédèrú ni káàdì náà: díẹ̀ ni àyè inú rẹ̀, wọ́n kàn ṣe é kí ó máa parọ́ fún kámẹ́rà ni, ohun tí ó bá sì kọjá àyè náà ti sọnù. Ìsìn òwúrọ̀ wà níbẹ̀. Ibi tí àkọ́bí obìnrin ti fi etí ìró rẹ̀ nu eruku kúrò lórí pósí ìyá rẹ̀ kò sí, èyí gan-an ni obìnrin náà sì béèrè. Mo dá owó wọn padà. Ó ní òun kò béèrè owó.

Láti ìgbà náà, káàdì tuntun kì í wọ kámẹ́rà mi títí n óò fi fi H2testw kọ ọ́ kún, kí n sì kà á padà. Ọ̀fẹ́ ni ètò náà lórí Windows. F3 wà fún ẹni tí ó ń lo Mac tàbí Linux. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé V lára káàdì ni kí àwọn tí ń ya fídíò máa wò: V30 ń ṣèlérí pé káàdì kò ní kọ ohun tí ó kéré sí megabyte 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí sì ti pọ̀ tó fún fídíò tí mo ṣírò lókè. Kò sí ìdí láti sanwó V90 fún un. Bí kámẹ́rà yín bá ní ojú káàdì méjì, ẹ ṣètò rẹ̀ kí ó máa kọ sínú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn èyí ni ibi ìpamọ́. Ìlànà tí iṣẹ́ wa ń tẹ̀lé ni ẹ̀dà mẹ́ta, lórí ohun ìpamọ́ oríṣi méjì, kí ọ̀kan sì wà níbòmíràn. Mo máa ń ṣàtúnṣe lórí SSD (ohun ìpamọ́ tí kò ní ohun tí ń yí nínú) nítorí ìyára rẹ̀, mo sì ń pa iṣẹ́ mọ́ sórí hard drive tí owó rẹ̀ kò ga. Níwọ̀n bí gbígbé 45GB gba orí íntánẹ́ẹ̀tì ti lè gba gbogbo òru lọ́dọ̀ wa, ẹ̀dà kẹta ń bá mi lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́kọ́jà ní oṣooṣù. N kì í tún káàdì lò kí ẹ̀dà méjì ó kéré tán tó wà nílẹ̀.

Ní ti iná, ẹni tí ó ń lo kọ̀ǹpútà orí tábìlì nílò UPS, ìyẹn bátìrì tí ń gbé kọ̀ǹpútà dúró fún ìgbà díẹ̀ bí iná bá lọ, nítorí pé bí iná bá lọ nígbà tí fáìlì ń kọjá, fáìlì náà lè bàjẹ́.

Oṣù Kejìlá ni àwọn ènìyàn wa máa ń wálé, tí òde ń pọ̀, ìgbà náà sì ni ọyẹ́ ń gbé eruku. Eruku tí ó bá wọ inú kámẹ́rà nígbà tí ẹ ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì yóò di àbàwọ́n dúdú lójú ọ̀run nínú fọ́tò, pàápàá ní f/11 sókè (bí nọ́ńbà f bá ti ń pọ̀ sí i ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ lẹ́ǹsì ń kéré sí i), ẹ óò sì máa nù ún kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún fọ́tò. Ẹ ra ohun ìfẹ́ eruku onírọ́bà, ẹ dojú kámẹ́rà dé nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì, ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, ẹ tún wákàtí yín kà. Bí ó bá jẹ́ pé òkùnkùn inú gbọ̀ngàn ló ń mú kí ẹ máa tún àwòrán ṣe ju bí ó ti yẹ lọ, lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 ni kí ẹ rà kí ẹ tó ronú kan kámẹ́rà tuntun: ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbà wọlé tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí lẹ́ǹsì tó wá pẹ̀lú kámẹ́rà ń gbà ní f/5.6.