Ìwé inú páálí ní méjì, nọ́ọ̀sì ní ẹyọ kan ti tó

Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò yín, ì báà jẹ́ ní Agbowó tàbí Mọ́kọ́lá, fún yín ní ìwé pélébé inú páálí àjẹsára. Wọ́n á ti ṣẹ́ ẹ kélekèle, lẹ́tà rẹ̀ á sì wẹ́ débi pé ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká náà á fún ojú pọ̀. Nínú ti Gardasil, tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, abẹ́rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n kọ síbẹ̀, bí ọjọ́ orí bá ṣe rí. Ẹyọ kan péré sì ni Nàìjíríà ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 láti oṣù kẹwàá 2023. Àwọn òbí kan ní ìjọba ti fi owó ìyókù sápò. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tó ṣe àjẹsára ló kọ ìwé yẹn, NAFDAC ló ń fọwọ́ sí i. Ohun tí ilé iṣẹ́ náà bá dán wò, tó sì fi ẹ̀rí tì lẹ́yìn, nìkan ló ń wọ ibẹ̀. Bí ẹ̀rí tuntun bá ti ibòmíràn jáde, ìwé náà kì í dédé yí padà. Àfi kí ilé iṣẹ́ náà tún lọ tọrọ àṣẹ. Oníṣòwò wo ló sì máa sáré lọ kọ ọ́ pé kí wọ́n dín ọjà òun kù?

Ìmọ̀ràn ètò ìlera ìlú yàtọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, àti NPHCDA tiwa, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìlera alábọ́ọ́dé ní Nàìjíríà, ń wo ẹ̀rí gbogbo, ẹni yòówù kó ṣèwádìí rẹ̀, wọ́n sì ń wo iye abẹ́rẹ́ tó wà nílẹ̀ àti iye ọmọ tó nílò rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọ̀dọ́bìnrin Kẹ́ńyà wà lára ohun tó jẹ́ kí WHO sọ ní oṣù kejìlá 2022 pé ẹyọ kan lè tó fún ẹni ọdún 9 sí 20.

Kì í ṣe èyí ni àkọ́kọ́. Ní 2016, nígbà tí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kò kárí ní Kinshasa, wọ́n pín ìwọ̀n ẹnì kan fún ènìyàn márùn-ún, ohun tí ìwé inú páálí kò sọ rárá.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé kẹ́mísìtì ìgboro lè dá iye abẹ́rẹ́ tirẹ̀ o. Ìmọ̀ràn náà gan-an ní ààlà: ọmọ tó ní HIV, ẹyọ kan kò tó o. Ó kéré tán, méjì. Mẹ́ta ló dáa jù bó bá ṣeé ṣe. Ẹ pe nọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sọ fún un kó tó fa oògùn sínú síríńjì.