Ìbò ìfirọ́pò: bí Jámánì ṣe ń pààrọ̀ olórí ìjọba

Inú máa ń bí mi bí mo bá rí i tí ẹnìkan pe ìbò tí àwọn aṣòfin Jámánì fi ń yan olórí ìjọba tuntun dípò èyí tó wà lórí àga ("constructive vote of no confidence" lédè Gẹ̀ẹ́sì) ní "ìdìbò àìnígbẹ́kẹ̀lé agbéniró". Ta ló ń gbé ró? Ṣe Helmut Schmidt, olórí ìjọba tí wọ́n fi ìbò náà lé lọ ní 1982, ni? Àwọn mìíràn ní ká kúkú pè é ní "ìyọnípò". Ẹ jọ̀ọ́, ìyọnípò ti níṣẹ́ tiẹ̀: ààrẹ tàbí gómìnà tó bá hùwà àìtọ́ là ń yọ nípò. Olórí ìjọba Jámánì lè má ṣẹ ẹnikẹ́ni, kó ṣì lọ. Kí àwọn aṣòfin tó pọ̀ jù ti rí ẹlòmíràn tí wọ́n fẹ́, ó parí.

Ìfirọ́pò lèmi ń pè é, torí ìbò kan náà ló ń ṣiṣẹ́ méjèèjì: bí ẹni tuntun bá ti wọlé, ẹni àná ti jáde nìyẹn. Abala 67 òfin ilẹ̀ wọn ti 1949 ló gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn aṣòfin ò lè kàn pariwo "a ò fẹ́ ọ mọ́" kí wọ́n sì gbalé lọ. Ẹ ò gbọdọ̀ wọ́ awakọ̀ dánfó bọ́ọ́lẹ̀ lórí eré, àfi bí ọwọ́ ẹlòmíràn bá ti wà lórí sítíá.

Ojú wọn ti rí nǹkan kí wọ́n tó ṣòfin yìí. Ní oṣù kẹsàn-án 1932, àwọn Násì àtàwọn Kọ́múníìsì, tí wọ́n ń pa ara wọn nígboro, jọ dìbò lòdì sí Franz von Papen, olórí ìjọba ìgbà náà: 512 sí 42. Ká ní kí wọ́n jọ fa ẹnìkan kalẹ̀ dípò rẹ̀ ni, ìjà ni ì bá dá sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tíì bọ́ sí i nílé aṣòfin àpapọ̀ wọn. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1982, Helmut Kohl gba ìbò 256, Helmut Schmidt sì kẹ́rù. Rainer Barzel, olórí alátakò, ti gbìyànjú rẹ̀ ní 1972: 249 ló nílò, 247 ló rí. Ìbò ìkọ̀kọ̀ ni, aṣòfin kan nínú ẹgbẹ́ Barzel gan-an sì jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé òun gbowó. Ọmọ aráyé!

Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà yóò ti máa rántí Akíntọ́lá, olórí ìjọba ibẹ̀. Lẹ́tà tí àwọn aṣòfin fọwọ́ sí ni Gómìnà Adésọjí Adérẹ̀mí wò tó fi yọ ọ́, tó sì fi Adégbénró rọ́pò. Wọn ò dìbò nínú ilé. Nígbà tí ilé jókòó n'Ìbàdàn lọ́jọ́ 25 oṣù karùn-ún 1962, àga ni wọ́n ń sọ lu ara wọn. Ní Jámánì, kò sí gómìnà tí yóò jókòó máa ka orúkọ lára lẹ́tà: wákàtí 48 gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn tí wọ́n bá dábàá, kí wọ́n tó dìbò nínú ilé.

Sípéènì mú un lò nínú òfin 1978. Ní oṣù kẹfà 2018, Pedro Sánchez fi ìbò 180 sí 169 gba àga olórí ìjọba lọ́wọ́ Mariano Rajoy. Sánchez fúnra rẹ̀ kì í ṣe aṣòfin lọ́jọ́ náà.