Ohun Tí Àgbàlagbà Gbà Gbọ́ Nípa Agbára Onídán

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń bi àwa onídán lẹ́yìn tí eré bá parí: ǹjẹ́ àwọn àgbàlagbà tó jókòó wò wá gbà lóòótọ́ pé a ní agbára kan tí àwọn kò ní? Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fún wọn ni pé rárá, pé ọmọdé nìkan ló lè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́, àti pé àgbàlagbà mọ̀ pé ìmọ̀ọ́ṣe ọwọ́ ni. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe jẹun, n kò sì gbà pé ìdáhùn yẹn péye. Ohun tí àgbàlagbà gbà gbọ́ dúró lórí irú idán tó rí, ó dúró lórí ohun tí onídán ń sọ bó ṣe ń pa á, ó sì dúró ju gbogbo rẹ̀ lọ lórí ohun tó ti wà lọ́kàn òǹwòran náà kó tó wọlé wá jókòó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú apá tó rọrùn kúrò nílẹ̀. Bí onídán bá di owó ẹyọ kan mọ́wọ́, tó sì la ọwọ́ náà tí owó kò sí níbẹ̀ mọ́, agbára káká ni ẹ ó fi rí àgbàlagbà tí yóò rò pé owó náà ti kúrò láyé. Yóò rò pé ó wà nínú apá ẹ̀wù, tàbí pé ó ti bọ́ sí ọwọ́ kejì. Bákan náà ni ti obìnrin tí a fi ayùn gé sí méjì nínú àpótí. Àlàyé tí òǹwòran ń ṣe lọ́kàn ara rẹ̀ sábà máa ń ṣìnà, ṣùgbọ́n ó dá a lójú pé àlàyé wà níbì kan. Adùn irú idán yìí gan-an ni pé ojú ń sọ ohun kan, òye ń sọ òmíràn, ẹni náà kò sì lè pa ìkankan nínú méjèèjì lẹ́nu mọ́.

Ẹ má ṣe rò pé nítorí pé òye kò gbà á, ojú náà kò gbà á. Ní ọdún 2006, Gustav Kuhn, tó jẹ́ onídán àti onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti Michael Land fi idán bọ́ọ̀lù kékeré kan dán àwọn ènìyàn wò. Onídán á ju bọ́ọ̀lù sókè, á hán an, á tún jù ú, á tún hán an; nígbà tó bá di ẹ̀kẹta, á kàn ṣe bí ẹni tó jù ú ni, bọ́ọ̀lù á sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbé ojú sókè bí ẹni tó ń wo ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn òǹwòran ló sọ pé àwọn rí bọ́ọ̀lù náà nígbà tó gba òkè lọ. Nígbà tó tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀, àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ dínkù gidigidi. Kí ènìyàn rí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Kí ó gbà pé ẹni tó ṣe é ní agbára àìrí jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ kò lè dáhùn ìbéèrè tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá nígbà tí a bá kúrò lórí owó ẹyọ àti àpótí, tí a bọ́ sórí idán mímọ èrò ọkàn. Èrò kò ní apá ẹ̀wù tí a lè fi í pamọ́ sí. Nígbà tí onídán bá dá orúkọ tí òǹwòran kan ń rò lọ́kàn pè, òǹwòran náà á wá ibi tí ẹ̀tàn lè fara pamọ́ sí títí, kò ní rí i, nítorí kò sí ohun èlò kan tí ojú rẹ̀ lè dì mú. Inú àlàfo yìí ni ìgbàgbọ́ máa ń gbà wọlé. Ní ọdún 1980, Victor Benassi, Barry Singer àti Craig Reynolds tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ifáfitì ní California. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan pa àwọn idán tí kò le rárá níwájú wọn. Wọ́n sọ fún àwọn kíláàsì kan pé ẹni náà ní òun ní agbára àràmàǹdà. Wọ́n sọ fún àwọn mìíràn gbangba pé onídán ni, pé ẹ̀tàn ni ohun tí wọ́n fẹ́ rí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n sọ òtítọ́ fún ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé agbára tòótọ́ ni àwọn rí. Ìwádìí tí Lise Lesaffre, Kuhn, Christine Mohr àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní ọdún 2018 tún fi irú nǹkan kan náà hàn: bóyá wọ́n pe òṣèré ní onídán tàbí wọ́n pè é ní ẹni tó ní agbára àìrí, ìyàtọ̀ tí èyí mú bá ìgbàgbọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wò ó kò tó nǹkan.

Ó yẹ kí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ronú jinlẹ̀ lórí èyí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé bí a bá ti sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ eré pé a kò ní agbára kankan, a ti bọ́ lọ́rùn ẹ̀bi. Gbólóhùn tí a sọ lórí pèpéle kì í dún létí òǹwòran bí ìjẹ́wọ́. Ó ti mọ̀ pé gbogbo ohun tí a bá sọ níbẹ̀ jẹ́ ara eré, nítorí náà ó lè gba ìkìlọ̀ wa bí ìrẹ̀lẹ̀, tàbí bí ọgbọ́n tí a fi ń bo agbára mọ́ra. Lẹ́yìn náà ló wá fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí kò lè ṣàlàyé. Láàárín ọ̀rọ̀ tó gbọ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn àti ohun tó ṣojú rẹ̀, èyí tó ṣojú rẹ̀ ni yóò dì mú.

Kò sí àpẹẹrẹ tó ṣe kedere ju ti Harry Houdini, onídán tó lókìkí, àti Arthur Conan Doyle lọ. Doyle jẹ́ dókítà oníṣègùn àti òǹkọ̀wé tí gbogbo ayé mọ̀. Ó gba ìpè òkú gbọ́ tọkàntọkàn, ìgbàgbọ́ náà sì ti wà kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó kú ní ọdún 1918, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbànújẹ́ àwọn ọdún wọ̀nyẹn tún mú un le sí i. Houdini sọ fún un léraléra pé gbogbo bí òun ṣe ń jáde kúrò nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ àti àpótí tí a tì pa jẹ́ ìmọ̀ọ́ṣe àti ìgbáradì ara. Doyle kò gbà. Ó rò pé Houdini ní agbára tòótọ́ tó ń fi pamọ́, ó sì tún kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé kan ní ọdún 1930, lẹ́yìn tí Houdini ti kú ní 1926. Ní oṣù kẹfà ọdún 1922, ní Atlantic City, ìyàwó Doyle kọ lẹ́tà gígùn kan tó ní ìyá Houdini tó ti kú ló ń gba ọwọ́ òun kọ ọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni lẹ́tà náà wà, àmì àgbélébùú sì wà lókè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyàwó rábì, aṣáájú ẹ̀sìn àwọn Júù, ni ìyá Houdini, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn kò pẹ́ bàjẹ́ lẹ́yìn náà. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé onídán fúnra rẹ̀ kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ gba agbára tí òǹwòran ti fún un padà.

Àwọn kan á ní ìwé kíkà ni oògùn rẹ̀. N kò rí i bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1979, olówó kan fi 500,000 dọ́là sílẹ̀ fún ilé ìwádìí kan ní Washington University ní St. Louis, láti fi ṣàyẹ̀wò àwọn tó ní àwọn ń fi èrò ọkàn tẹ irin. James Randi, tó jẹ́ onídán, rán ọ̀dọ́ méjì tó mọ idán pa dáadáa lọ síbẹ̀, ó sì sọ fún wọn pé bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n léèrè tààrà bóyá ẹ̀tàn ni, kí wọ́n jẹ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Títí di ìgbà tí Randi tú àṣírí náà fún gbogbo ayé ní 1983, wọn kò bá ibi tí wọ́n ti ní láti jẹ́wọ́ pàdé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí ibẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀, nígbà tó sì mú ìlànà ìdánwò rẹ̀ le, agbára àwọn ọ̀dọ́ náà pòórá. Iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ láti bá ohun àìlẹ́mìí lò, òkúta àti irin sì kì í pa irọ́. A kò kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣọ́ ọwọ́ ẹni tó fẹ́ tàn án.

Ohun kan wà tí òǹwòran kì í mọ̀ nípa ara rẹ̀, tí àwa máa ń rí kedere láti orí pèpéle. Òun fúnra rẹ̀ ló ń parí idán náà fún wa, ilé ló sì ti ń parí rẹ̀. Bí ó bá ròyìn eré fún ẹlòmíràn ní ọjọ́ kejì, yóò sọ pé, “Ó wo ojú mi, ó sì pe orúkọ ìyá mi.” Kò ní rántí pé òun kọ orúkọ náà sórí pépà, pé òun ká pépà náà, àti pé onídán fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Kì í ṣe pé ó ń purọ́. Ibi tí kò jọ ọ́ lójú ni ìrántí rẹ̀ gbé jù sílẹ̀. Bertram Forer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, rí ohun tó jọ èyí ní 1948, nígbà tó fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì rẹ̀ ní àpèjúwe ìwà kan náà, tó sì jẹ́ kí kálukú rò pé tòun nìkan ni. Wọ́n fún àpèjúwe náà ní máàkì tó ju mẹ́rin lọ nínú márùn-ún. Ọ̀rọ̀ tó lè bá ẹnikẹ́ni mu ni, ṣùgbọ́n olúkúlùkù fi ìgbésí ayé ara rẹ̀ dí àwọn ihò inú rẹ̀.

Láyé òde òní, irú ìgbàgbọ́ mìíràn wà tí mo rí i pé ó tàn kálẹ̀ ju ìgbàgbọ́ nínú ẹ̀mí àìrí lọ láàárín àwọn tó ka ara wọn sí ọlọ́gbọ́n. Òǹwòran á ní òun kò gba agbára àràmàǹdà gbọ́, ṣùgbọ́n ó dá a lójú pé onídán ń ka èrò òun láti inú bí ojú òun ṣe ń ṣẹ́ tàbí bí ohùn òun ṣe ń gbọ̀n. Irọ́ tó wọ aṣọ sáyẹ́ǹsì ni. Pépà tí a ká ṣì ni pépà tí a ká. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2018 fi hàn pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wo irú eré bẹ́ẹ̀, ìgbàgbọ́ rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i pé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, yálà wọ́n pe òṣèré náà ní onímọ̀ ìrònú tàbí wọ́n pè é ní onídán. Mo ka èyí sí ohun tó léwu, nítorí ẹni tó bá gbà pé a lè wo ojú ènìyàn kí a sì mọ irọ́ lè lọ fi ìmọ̀ asán yẹn dá ọmọ rẹ̀ tàbí òṣìṣẹ́ abẹ́ rẹ̀ lẹ́bi. Nítorí rẹ̀ ni n kì í fi sọ irú àlàyé bẹ́ẹ̀ nípa idán mi fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí ó dùn létí tó.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń jiyàn pé bí a bá ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀tàn ni, adùn idán á lọ. N kò bá wọn jà lórí ohun tí wọ́n ń sọ lórí pèpéle. Òǹwòran sanwó kí ohun tó rí lè yà á lẹ́nu, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí wọn ni lẹ́yìn eré, nígbà tí ẹnì kan bá dúró títí àwọn yòókù fi lọ tán, tó wá rọra béèrè bóyá mo lè bá òun wá ohun tó sọnù, tàbí kí n bá òun gbọ́ ohùn ọkọ òun tó kú. Àgbàlagbà ni irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọ̀mọ̀wé. Mo máa ń jókòó tì í, mo sì ń sọ fún un tààrà pé n kò lè ṣe é, pé kò sí onídán tó lè ṣe é, àti pé ohun tó rí ní alẹ́ yẹn ní ọ̀nà tí a gbà ṣe é. Bí èyí kò bá tó, tí mo sì rí i pé ó ti fẹ́ lọ fi owó rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, mo ṣe tán láti fi àṣírí ọ̀kan nínú àwọn idán mi hàn án, kó rí pépà náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé agbára tòun kì í ṣe eré, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ojú yín nìkan. Ẹ mú ohun èlò tiyín lọ, ẹ má jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án ṣáájú. Ẹ pe onídán kan tó mọ iṣẹ́ kó wá jókòó tì yín, nítorí òun ló mọ ibi tó yẹ kí a máa wò. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ kọ gbogbo ohun tó sọ sílẹ̀, èyí tó bá a mu àti èyí tó kùnà, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ti sọ tàbí tí ẹ ti kọ sórí pépà kó tó fèsì.