Ṣé gìtá máa ń dùn sí i bó ṣe ń gbó?

Àwọn onílù a máa sọ pé igi ọ̀mọ̀ tó bá hù sétí ọ̀nà ló dára jù láti fi gbẹ́ dùndún, nítorí pé ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn láti kékeré. Irú ìgbàgbọ́ yìí náà ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta gìtá nínú ìjọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Onítẹ̀bọmi ti wà láti ọdún 1898. Wọ́n á gbé gìtá àtijọ́ kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó, wọ́n á ní tuntun kankan ò lè bá a fẹgbẹ́, pé ogún ọdún tí wọ́n ti ń ta á ló jẹ́ kí ohùn rẹ̀ là. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ kò tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Okùn gìtá nìkan kò lè pariwo, ó ti tín-ínrín jù. Pákó ojú gìtá ló ń gba gbígbọ̀n okùn náà, tó sì ń fi ti afẹ́fẹ́. Pákó yìí kò ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ, bẹ́ẹ̀ okùn onírin mẹ́fà tí wọ́n fà le dáadáa ń fà á pẹ̀lú agbára tó ju ìwọ̀n àpò sìmẹ́ńtì kan lọ. Ó gbọ́dọ̀ fúyẹ́, kó sì tún le. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń lo spruce, igi ilẹ̀ olótùútù.

Bí igi bá ń pẹ́, ó máa ń yí padà lóòótọ́. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní hemicellulose, òun ló máa ń fa omi mọ́ra jù. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, èròjà yìí ń fọ́ díẹ̀díẹ̀. Igi á fúyẹ́ sí i, kò ní máa mu omi tó ti tẹ́lẹ̀, ìró kò sì ní tètè kú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni. Àwọn aṣegìtá tí kò lè dúró dìgbà yẹn ti ń yan pákó nínú ààrò tí kò sí ọ́síjìn nínú rẹ̀, kó má baà jóná. Ní ti gìtá olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi pákó alẹ̀pọ̀ ṣe, gọ́ọ̀mù tó wà láàárín ìpele kan sí èkejì kì í jẹ́ kí ọjọ́ orí rí nǹkan púpọ̀ ṣe sí i.

Títa ńkọ́? Ní Ọsirélíà, wọ́n fi igi kan náà ṣe fáyólíìnì méjì. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ olórin tó ń ta á déédéé, wọ́n gbé èkejì sí mùsíọ́ọ̀mù, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń ta á. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tó ta méjèèjì àti àwọn tó fetí sí wọn kò rí ìyàtọ̀ kan gbòógì.

Ti Stradivari, aṣefáyólíìnì ará Cremona ní Ítálì tó kú ní 1737, tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé fáyólíìnì rẹ̀ ò láfiwé, tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2010, wọ́n kó atafáyólíìnì 21 jọ ní Indianapolis, wọ́n fi awò dúdú bo ojú wọn, wọ́n ní kí wọ́n ta fáyólíìnì mẹ́fà: tuntun mẹ́ta, àtijọ́ mẹ́ta. Wọ́n tilẹ̀ fi lọ́fínńdà sí ibi tí àgbọ̀n ń sinmi lé, kí òórùn igi àtijọ́ má baà tú àṣírí. Ọ̀kan nínú àwọn tuntun ni wọ́n fẹ́ràn jù. Èyí tí wọn ò fẹ́ rárá? Ọ̀kan lára ti Stradivari ni. Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀pọ̀ ohun èlò tí ohùn rẹ̀ kò dára láyé ọjọ́un ti lè di igi ìdáná tipẹ́. Àwọn tó dùn ni wọ́n sábà ń tọ́jú dé ọ̀dọ̀ wa.

Kí wá ni ẹni tó ní gìtá òun ti yí padà ń gbọ́? Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọyẹ́ ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Ẹ wo ilẹ̀kùn onígi: nígbà òjò, èjìká la fi ń tì í kó tó pa dé, nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Igi ilẹ̀kùn wú, igi ilẹ̀kùn sì sún kì, ní ìbú rẹ̀ ju òòró rẹ̀ lọ. Bí ti gìtá náà ṣe rí nìyẹn. Nígbà òjò, omi wọ pákó ojú rẹ̀, ó wúwo, ó wú sókè, okùn jìnnà sí ọrùn, ohùn rẹ̀ sì wọlẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá gbẹ ẹ́, pákó á fúyẹ́, ohùn á là gaara, inú onígìtá á dùn pé gìtá òun ti gbó. Oṣù méjì péré lèyí gbà! Onílù tó ń sá awọ ìlù rẹ̀ sóòrùn mọ̀ pé gbígbẹ ló mú un dún ketekete. Kì í sọ pé ìlù òun ti gbọ́n sí i.

Okùn náà tún wà ńbẹ̀. Òógùn ọwọ́ àti ìpẹtà máa ń pa ohùn rẹ̀, ẹni tó bá sì pààrọ̀ rẹ̀ lè rò pé òun ra gìtá mìíràn. Ọwọ́ pẹ̀lú ń kọ́: ẹni tó ti ta gìtá kan fún ọdún mẹ́wàá mọ ibi tó ti máa tẹ okùn tí kò fi ní ké. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ fi fóònù gba orin kan náà sílẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ àti ní Oṣù Kínní, kí ẹ fi okùn tuntun sí i nígbà méjèèjì, láti ibì kan náà nínú yàrá kan náà.

Ọyẹ́ kan náà tó ń la ohùn lè la pákó pẹ̀lú. Bí ẹnu àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá bá ti ń ha ọwọ́, ọrùn ti gbẹ jù nìyẹn. Ẹ rẹ fóòmù kékeré sínú omi, ẹ fún un dáadáa kó má baà kán sílẹ̀, ẹ gbé e sínú ike ọṣẹ tí ẹ ti lu ihò sí lára, kí ẹ sì tì í mọ́ inú àpótí pẹ̀lú gìtá. Bí pákó gìtá bá ti là tán, ẹ má ta á lọ bẹ́ẹ̀. Gọ́ọ̀mù á mú ojú ibi tó là tí kò tíì dọ̀tí. Bí òógùn àti eruku bá ti wọ̀ ọ́, kì í mú un dáadáa mọ́.