Johnnie Cochran: Kí ló dé tí agbẹjọ́rò fi ń gbèjà ẹni tí ayé ti dá lẹ́bi?

Ìbéèrè: Ta ni Johnnie Cochran?

Ìdáhùn: Agbẹjọ́rò aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni. Shreveport ní ìpínlẹ̀ Louisiana ni wọ́n bí i sí ní 1937, àmọ́ Los Angeles ni òkìkí rẹ̀ ti kàn. Ó kú ní 2005. Ẹjọ́ O.J. Simpson tó gbèjà rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ ọ́n. Simpson yìí jẹ́ gbajúmọ̀ nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, wọ́n sì fẹ̀sùn kàn án ní 1994 pé ó pa Nicole Brown, ìyàwó tó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, àti Ron Goldman, ọ̀rẹ́ obìnrin náà.

Ìbéèrè: Ṣé owó kọ́ ló gba Simpson là?

Ìdáhùn: Owó ràn án lọ́wọ́, torí agbẹjọ́rò tó kó jọ kì í ṣe ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kóòtù lóṣù kẹfà 1995. Ìbọ̀wọ́ aláwọ méjì wà nílẹ̀ tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀: wọ́n rí ọ̀kan nítòsí òkú, wọ́n rí èkejì nílé Simpson. Olùpẹ̀jọ́ fúnra rẹ̀ ló ní kó wọ̀ wọ́n níṣojú gbogbo èèyàn. Simpson fà á, ó tì í, kò wọlé dáadáa. Nígbà tí Cochran ń kádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún júrì, ìyẹn ará ìlú méjìlá tó ń dá ẹjọ́ náà, ó ní bí kò bá ti bá a mu, dandan ni kí wọ́n dá a sílẹ̀. Ọlọ́pàá tó ní òun rí ìbọ̀wọ́ kejì sì ti búra pé ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí òun ti fi orúkọ èébú kan pe aláwọ̀ dúdú kẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ lórí tẹ́ẹ̀pù fi hàn pé irọ́ ló pa. Kò tó wákàtí mẹ́rin tí júrì fi jíròrò kí wọ́n tó dá Simpson sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé pé kò pa wọ́n nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Pé ìjọba kò fìdí ẹ̀sùn múlẹ̀ kọjá iyèméjì ni. Nígbà tí ẹbí àwọn tó kú gbé e lọ sílé ẹjọ́ torí owó gbà-má-bìínú, níbi tí ẹ̀rí kò ti ní láti nípọn tó bẹ́ẹ̀, júrì mìíràn dá a lẹ́bi ní 1997, wọ́n sì ní kó san $33.5 mílíọ̀nù.

Ìbéèrè: Ṣé gbogbo ìgbà ni Cochran ń bá ìjọba fà á ni?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ olùpẹ̀jọ́ fún ìlú Los Angeles ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1963, ó sì tún padà sídìí iṣẹ́ ìjọba ní 1978. Ó mọ bí ìjọba ṣe ń kó ẹ̀rí jọ, torí ó ti wà láàárín wọn rí.

Ìbéèrè: Báwo ni olódodo ṣe lè máa ṣe irú iṣẹ́ yìí?

Ìdáhùn: Geronimo Pratt ni ìdáhùn mi. Ọmọ ẹgbẹ́ Black Panther, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ni, ó ti jagun ní Vietnam. Wọ́n ní òun ló yìnbọn pa obìnrin kan ní Santa Monica ní 1968. Ó ní Oakland lòun wà lọ́jọ́ náà, ìrìn tó lé ní 300 máìlì. Cochran gbèjà rẹ̀ ní 1972, ó fìdí rẹmi, Pratt gba ẹ̀wọ̀n gbére. Ohun tí júrì kò mọ̀ ni pé ẹlẹ́rìí tí ìjọba gbójú lé ti ń ṣe olófòófó fún FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, àmọ́ júrì yẹn kò ṣìkà. Wọ́n fi ìdajì ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wọn ni.

Cochran kò jáwọ́. Òun àtàwọn agbẹjọ́rò mìíràn ń lọ, wọ́n ń bọ̀, títí adájọ́ fi fagi lé ẹjọ́ náà ní 1997. Pratt ti lo nǹkan bí ọdún 27 látìmọ́lé. Ká ní gbogbo agbẹjọ́rò ń sá fún ẹni tí wọ́n bá ti pè ní apànìyàn, ibẹ̀ ni ì bá kú sí. Ní 2000, ìlú Los Angeles àti ìjọba àpapọ̀ gbà láti san $4.5 mílíọ̀nù fún un.