Ilé adìyẹ onírọ́bà: kì í ṣe omi òjò ló ń bà á jẹ́

Tí òjò ìgbà òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn wa tó ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé máa ń bi mí: ilé onírọ́bà tí wọ́n rà, tí wọ́n kàn tò pọ̀ yìí, ṣé òjò ò ní wọ ọ́? Òjò ò ní wọ ọ́. Tí gbogbo abala rẹ̀ bá ti wọ ara wọn dáadáa, òjò lè rọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kí inú ibẹ̀ má rin. Omi tó yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni èyí tó ń ti ara adìyẹ fúnra rẹ̀ jáde, àti èyí tó ń dárogún sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn méjèèjì yìí ló ń kó àìsàn bá wọn.

Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ọ̀nà ẹnu àti imú ló ń gbà làágùn, torí kò ní ihò òógùn lára bíi tiwa. Ara rẹ̀ máa ń gbóná tó 41°C, nítorí náà èémí gbígbóná tó kún fómi ló ń mí síta láti ìrọ̀lẹ́ dòwúrọ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Tí a bá pín ìgbẹ́ adìyẹ tútù sọ́nà mẹ́rin, omi ló kó bíi mẹ́ta níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, ní London, ilẹ̀ ti ń ṣú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kì í sì í mọ́ títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀. Wákàtí mẹ́rìndínlógún gbáko ni wọ́n fi ń mí, tí wọ́n fi ń yàgbẹ́, nínú àpótí kan tí kò fẹ̀. Pákó máa ń mu díẹ̀ nínú omi yẹn. Rọ́bà kì í mu ún rárá. Tí èémí gbígbóná bá ti kan òrùlé tó tutù, á di omi, á sì máa kán padà sórí wọn, bí abẹ́ ìdérí ìkòkò ìrẹsì ṣe máa ń ṣe.

Láàárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ tó tú wọn sílẹ̀, ẹ gbé òrùlé náà sókè kẹ́ ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nu abẹ́ rẹ̀. Tó bá gbẹ, kò séwu. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀kán omi tó tò lọ bẹẹrẹ, tí àwọn kan ń já bọ́ sórí igi tí wọ́n sùn lé, atẹ́gùn ò tó nìyẹn. Ẹ wo igun ibi tí èérún pákó tẹ́ ẹ tẹ́ sílẹ̀ ti kan ògiri. Tó bá ti dúdú, tó ń dì mọ́ra wọn, omi ti ń ṣàn bọ́ láti ara ògiri lóru. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí imú yín dé ibi tí orí adìyẹ máa ń wà, kẹ́ ẹ mí símú. Òórùn tó ń ta ni nímú, tó ń mú omi bọ́ lójú yẹn, ammonia ni, ìgbẹ́ tútù ló ń tú u jáde. Tí imú èèyàn bá ti gbọ́ ọ, ó ti pọ̀ jù fún adìyẹ. Ó máa ń bó ọ̀nà ọ̀fun wọn nínú. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á máa sín, ojú wọn á máa ṣomi, àrùn bíi Mycoplasma tó ti ń sùn sí wọn lára tẹ́lẹ̀ á sì jí. Tí òtútù tó ń mú omi dì bá wá mú ogbe tó rin, ṣóńṣó rẹ̀ lè dúdú kó sì gé kúrò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń ṣìṣe rèé. Nílé, ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ògiri kúkúrú ni ilé adìyẹ máa ń ní, wáyà ló ń gba ìyókù dé òkè. Tójò bá ṣú, wọ́n á tú tápólì sílẹ̀. Tójò bá dá, wọ́n á ká a sókè. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ ìyẹn, tó wá dé Manchester, tó rí ilé kékeré rẹ̀ nínú òjò, tápólì ló máa fi wé e yípo, á sì fi àkísà dí ihò tó rí lókè. Àánú ló ń ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n òjò ibí àti tilé kì í ṣe ọgbọọgba. Gbogbo òjò tó ń rọ̀ ní London lọ́dún kan kò ju nǹkan bí 600 mìlímítà lọ. Ti Èkó ju 1,500 lọ. Tójò Èkó bá dá, oòrùn á gbá ilẹ̀ gbẹ kó tó di ọ̀sán. Òjò wínníwínní ni tibí, kò pọ̀, kì í sì í lọ, oòrùn tó yẹ kó gbá a gbẹ kò sí. Tápólì tẹ́ ẹ bá dè mọ́ ilé adìyẹ ní oṣù Kọkànlá, orí rẹ̀ ló máa wà di oṣù Kẹta, omi tí wọ́n ń mí síta ò sì ní rọ́nà lọ.

Torí náà, ẹ má dí ihò atẹ́gùn rárá, bó ti wù kí òtútù mú. Adìyẹ tó gbẹ, tó yó, lè fara da òtútù ilẹ̀ yìí ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Aṣọ òtútù wà lára rẹ̀. Ohun tí kò fẹ́ ni atẹ́gùn tó ń fẹ́ lù ú níbi tó bà sí. Ihò tó dáa ni èyí tó wà lókè ju orí wọn lọ nígbà tí wọ́n bá sùn. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó gbo inú rẹ̀, torí okùn aláǹtakùn àti eruku ìyẹ́ máa ń dí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ẹ yí ẹnu ọ̀nà ilé náà kúrò níbi tí atẹ́gùn ti ń wá. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀ oòrùn àti gúúsù ni. Tí páálí bá sọ pé ilé náà gba adìyẹ mẹ́fà, ẹ fi mẹ́rin sí i. Èmi kì í gbà kí wọ́n fi ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà òjò, torí wọ́n á wà nínú ilé pẹ́ ju ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ.

Kò yẹ kí n bú ilé onírọ́bà, torí mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ti pákó lọ fún ẹni tó ń gbé nínú ìlú. Láti ọdún 2004 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tó jáde ní Royal College of Art ní London ti gbé ilé onírọ́bà tí wọ́n ń pè ní Eglu jáde ni irú ilé yìí ti di ohun tí ojú mọ̀ lẹ́yìnkùlé àwọn èèyàn. Kì í rà, kì í wú tómi bá kàn án. Kòkòrò pupa wẹ́wẹ́ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní red mite, tó máa ń jáde lóru wá mu ẹ̀jẹ̀ adìyẹ, kì í rí ibi púpọ̀ sá sí nínú rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé kò lè wọ̀ ọ́: ẹ máa yọ igi tí wọ́n ń sùn lé, kẹ́ ẹ wo ìdí rẹ̀ níbi tó ti wọ inú ògiri. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, kó jẹ́ láàárọ̀ kùtù ọjọ́ tí kò rọ̀, kẹ́ ẹ fi aṣọ ìnura nù ún gbẹ dé igun. Èérún pákó tí kò ní eruku ni kẹ́ ẹ tẹ́ sí i. Koríko gbígbẹ tí wọ́n ń fún ẹṣin kò dáa níbí, ó tètè máa ń bu, ebu rẹ̀ sì máa ń wọ̀ wọ́n lẹ́dọ̀fóró. Àwo ìgbẹ́ ní tirẹ̀, ẹ máa dà á nù lójoojúmọ́ nígbà òjò. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kò sì sí oògùn tó ṣe é ṣe dípò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá jáde síta, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tó fún adìyẹ mẹ́ta láti sọ koríko tútù di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀. Ẹrẹ̀ ló máa ń wà lẹ́sẹ̀ wọn tí wọ́n bá wọlé, òun ló ń rin èérún pákó, òun ló ń dọ̀tí ẹyin. Ẹyin aràn máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀ tó rin, coccidiosis, àrùn tó ń ba ìfun adìyẹ jẹ́, náà fẹ́ràn ibi tó rin tó sì lọ́wọ́ọ́wọ́. Tí adìyẹ bá ń dúró nínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo, abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ̀, nǹkan á gún un, á wú, èépá dúdú á bò ó. Bumblefoot nìyẹn, ó sì máa ń pẹ́ kó tó san. Ẹ máa gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ yí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn sókè wò.

Tí ilé yín bá ní táyà, ẹ máa sún un sí orí koríko tuntun kí ibi tó wà tó pọ́n. Tí ẹ̀yìnkùlé ò bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ má jà pẹ̀lú koríko mọ́. Ẹ kó ẹrẹ̀ òkè kúrò, ẹ tẹ́ òkúta pẹlẹbẹ síwájú ilé, kẹ́ ẹ da igi tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sí ìyókù, kó nípọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Igi ni mo sọ o, kì í ṣe èèpo igi. Èèpo igi ń pẹ́ kó tó gbẹ, ebu Aspergillus máa ń hù nínú rẹ̀. Kí apá kan ọgbà wọn ní òrùlé gidi, kí yanrìn gbígbẹ wà lábẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n á ti máa ra eruku, torí adìyẹ tí kò rí ibi gbẹ ra eruku, kòkòrò ló máa bò ó. Àpótí oúnjẹ náà, abẹ́ òrùlé yìí ló yẹ kó wà. Oúnjẹ tó bá ti rin tó wú, ẹ dà á nù.

Lórí oúnjẹ, mo mọ̀ pé ẹ̀bà àná àti ìrẹsì àjẹkù máa ń wu èèyàn láti dà fún wọn, ohun tá a bá lọ́wọ́ ìyá wa nìyẹn. Òfin ilẹ̀ yìí kò gbà á. Ohunkóhun tó bá ti gba ilé ìdáná kọjá kò gbọdọ̀ dé ẹnu adìyẹ, àfi ti ilé tí wọn kì í jẹ ohunkóhun tó ti ara ẹran wá rárá, títí kan wàrà àti ẹyin. Oúnjẹ tútù tó fọ́n ká sì máa ń pe eku, eku sì fẹ́ràn abẹ́ ilé adìyẹ tó gbẹ ju ibi gbogbo lọ. Ẹ gbé ilé náà sókè débi tí ìmọ́lẹ̀ á fi dé abẹ́ rẹ̀.

Ilé yìí fúyẹ́, ìjì sì lè gbé e ṣubú. Ẹ fi okùn dè é mọ́ irin tẹ́ ẹ wé wọ ilẹ̀, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tẹ́ ẹ ò bá tíì ra adìyẹ, ẹ má ra Silkie tàbí Brahma fún ẹ̀yìnkùlé tó kún fẹ́rẹ̀. Ìyẹ́ Silkie kì í da omi nù, ti ẹsẹ̀ Brahma á di ẹrẹ̀ mọ́ra.

Ìgbà òjò yìí kan náà ni àrùn lùkúlùkú ẹyẹ, tí wọ́n ń pè ní bird flu, máa ń jà, torí àwọn ẹyẹ igbó ń rìnrìn àjò wá. Tí ìjọba bá kéde pé kí gbogbo adìyẹ wọlé, ilé ìsùn nìkan ò tó. Wọ́n nílò ọgbà tó ní òrùlé tí ìgbẹ́ ẹyẹ igbó kò lè gbà kọjá, tí ojú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ju 25 mìlímítà lọ. Ẹ ti ṣe é sílẹ̀ kó tó dìgbà yẹn. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni òfin sì ti ní kí ẹnikẹ́ni tó ní adìyẹ, ì báà jẹ́ ẹyọ kan, forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ APHA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìlera ẹran àti ohun ọ̀gbìn, ní England àti Wales. Ti Scotland ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Tí adìyẹ bá ń la ẹnu mí, tí ogbe rẹ̀ di àwọ̀ aró, tàbí tí méjì mẹ́ta bá kú léra wọn láìnídìí, ẹ má fọ nǹkan kan, ẹ má sì gbé wọn lọ síbì kankan. Ẹ pe dókítà ẹran àti APHA lójú ẹsẹ̀.