Ithaca Ni Gbòǹgbò Rẹ̀ Wà

Bí wọ́n bá ń ròyìn bí àwọn tó ti rọ́wọ́ mú lẹ́nu iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú sọ́nà ní yunifásítì Amẹ́ríkà, láìgba kọ́bọ̀, ọdún 1963 tàbí 1970, tí ètò ìtọ́sọ́nà SEO (Sponsors for Educational Opportunity) àti INROADS bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n máa ń dárúkọ. Èmi ò gbà. Yunifásítì Cornell ní Ithaca, ní ìpínlẹ̀ New York, ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀.

Aláwọ̀ dúdú mẹ́fà ló ń kàwé níbẹ̀ ní 1904 sí 1905. Nígbà tí sáà mìíràn wọlé, ọ̀kankan nínú wọn ò padà. Bóyá owó ló tán, bóyá ilé ni wọn ò rí gbà. Lójú tèmi, àìrí ẹni fọ̀rọ̀ lọ̀ ló le jù. Ọmọ tí kò rí ẹnjiníà aláwọ̀ dúdú rí, ta ni yóò bi bóyá wọ́n á gba òun síṣẹ́? Àwọn tó wọlé lẹ́yìn wọn kóra jọ láti jọ máa kàwé, ìyẹn ló sì bí Alpha Phi Alpha, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú, ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 1906. Méje ni àwọn tó dá a sílẹ̀. Kelley di ẹnjiníà, Callis di dókítà, Tandy sì ni ayàwòrán ilé tó ya ilé ńlá Madam C. J. Walker, olówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó ń ta ìpara irun.

Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi sílẹ̀ tó bá gboyè. Láti 1911 ni ẹ̀ka àwọn tó ti jáde ti wà, ní Louisville. Lọ́yà àgbà àti akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún kejì, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Ibẹ̀ ni mo gbà pé àṣà ìtọ́sọ́nà yìí ti rídìí jókòó.

Ọ̀kan nínú àwọn méje náà, Eugene Kinckle Jones, lọ darí National Urban League, ẹgbẹ́ tó ń jà fún iṣẹ́ àti ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, fún ohun tó lé ní 20 ọdún. Ẹgbẹ́ yẹn ló dá ètò BEEP (Black Executive Exchange Program) sílẹ̀ ní 1969, nígbà tí Whitney Young, ọmọ Alpha bíi tiẹ̀, wà lórí àlééfà. Àwọn ọ̀gá aláwọ̀ dúdú láti ilé-iṣẹ́ ńláńlá á lọ dúró ní kíláàsì ní yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n á sọ ohun tójú wọn ti rí lẹ́nu iṣẹ́ fún àwọn ọmọ.

SEO tó bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 1963? Ọmọ girama ni wọ́n kọ́kọ́ mú. 1980 ni ètò iṣẹ́ ti yunifásítì dé. INROADS ti Frank Carr ní Chicago, 1970, gbìyànjú púpọ̀, ṣùgbọ́n BEEP ti ṣáájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Martin Luther King ní Washington ló sì ta Carr jí. Ọmọ Alpha ni King.

Lẹ́yìn náà ni íntánẹ́ẹ̀tì gbé ìtọ́sọ́nà bọ́ sórí fóònù. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà sì dájọ́ ní oṣù Kẹfà 2023 pé kí yunifásítì má fi àwọ̀ gba ọmọ wọlé mọ́, àwọn ètò kan ṣílẹ̀kùn fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, àwọ̀ yòówù kí wọ́n ní.